Ihò Kẹfà

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1986, mo gbé ọ̀kan nínú àwọn awò kékeré mi sójú fèrèsé kí n lè nù ún, mo sì rí i pé aláǹtakùn ti takùn sínú rẹ̀. Ohun tí mo kọ́kọ́ rò nìyẹn. Mo fi ẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí i, kò lọ. Mo fi etí síńgílẹ́ẹ̀tì mi nù ún, kò lọ. Ìgbà tí mo yí i síbi tí oòrùn ti ń wọlé ni mo tó rí i pé okùn wẹ́wẹ́ náà kò sí lóde dígí rárá, inú ló wà, ó ń ya ẹ̀ka láti etí kan bọ̀ wá sí àárín bíi gbòǹgbò koríko. Awò náà ti bu. Bí búrẹ́dì ṣe ń bu, bí gàrí tí omi kàn ṣe ń bu. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé dígí ń bu.

Ọmọ ọdún 15 ni mí nígbà yẹn, ní Òkè-Àdó n'Ìbàdàn. Àbúrò màmá mi ọkùnrin, tí gbogbo ilé ń pè ní Bọ̀dá Lọ́ńdọ̀n, ló gbé awò-awọ̀nàjíjìn kan bọ̀ fún mi ní Kérésì 1985. Ó ti ka á nínú ìwé ìròyìn pé ìràwọ̀ onírù tí wọ́n ń pè ní Halley ń padà bọ̀, pé nǹkan bí ọdún 76 ló máa ń gbà kó tó yọjú lẹ́ẹ̀kan. Ó ní kò ní kọjá lórí ọmọ ẹ̀gbọ́n òun kí ọmọ náà máa sùn. Ọ̀pá funfun gígùn kan ni, awò iwájú rẹ̀ fẹ̀ ní mílímítà 60, ó dúró lórí igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Ìyá kan tó ń gbé ní òdìkejì títì kò bá wa sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Ó rò pé ẹ̀rọ àwọn sàfíyọ̀ ni, pé bàbá mi ti gbàbọ̀dè, wọ́n fẹ́ la ọ̀nà gba inú ọgbà ewúro òun.

Ọ̀pá yẹn nìkan kò lè ṣe nǹkan kan o. Àwọn awò kékeré tí a ń kì bọ ìdí rẹ̀, níbi tí a ń fi ojú sí, ni wọ́n ń ṣiṣẹ́. Áípíìsì ni àwọn tó mọ̀ ọ́n ń pè é, bẹ́ẹ̀ náà ni èmi ń pè é. Mẹ́ta ló bá a wá, kò sí èyí tó tóbi ju àtàǹpàkò bàbá mi lọ. Wọ́n kọ H20 sára ọ̀kan, H12.5 sára èkejì, SR4 sára ẹ̀kẹta. Huygens ni H yẹn dúró fún, ọ̀gbẹ́ni ará Nẹ́dálàǹdì tó tú àṣírí òrùka Sátọ̀n fáráyé ní 1659. Mílímítà ni nọ́ńbà yẹn. Ọ̀pá tèmi jẹ́ 700, nítorí náà bí mo bá fi 20 pín in, òṣùpá á fi ìlọ́po 35 tóbi sí i, 12.5 á sọ ọ́ di 56. 4 á sọ ọ́ di 175. Wọ́n tún fi Báàlò kan sí i, èyí tó ń sọ gbogbo rẹ̀ di ìlọ́po mẹ́ta, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kọ 525 gàdàgbà-gadagba sára páálí. Ìṣirò wọn pé, ṣùgbọ́n bí ẹni ń tan ọmọdé ni. Awò mílímítà 60 kò lè gbé ju nǹkan bí 120 lọ, bó bá ti kọjá ibẹ̀, ohun tí à ń wò á dà bíi pé a ń wò ó láti inú omi ògì.

Fítà méjì tún wà níbẹ̀, ọ̀kan aláwọ̀ ewé fún òṣùpá, ọ̀kan dúdú kirikiri tí wọ́n kọ SUN sí. Tíṣà tó ń kọ́ wa ní físíìsì ní kí n gbé e wá kí òun wò ó. Ó gbé èyí dúdú sójú rẹ̀, ó béèrè bóyá mo ti lò ó, mo ní rárá, sà. Ó gbé e sórí pèpéle kíláàsì, ó sì fi òkúta fọ́ ọ. Omi bọ́ lójú mi. Ó ní ìdí áípíìsì tí wọ́n ní ká dè é mọ́ gan-an ni awò iwájú ń kó gbogbo iná oòrùn jọ sí, pé ọjọ́ tí dígí dúdú yẹn bá gbóná tó sán, ojú ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Ogún ọdún lẹ́yìn ìgbà náà, ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta 2006, nígbà tí òṣùpá fẹ́rẹ̀ẹ́ bo oòrùn tán lójú ọ̀run Ìbàdàn, orí páálí funfun ni mo fi H20 ju àwòrán oòrùn sí, tí gbogbo àdúgbò sì kọ ẹ̀yìn sí oòrùn tí wọ́n ń wò ó. (Ó ṣẹlẹ̀ pé irú ti Huygens ló dára jù fún iṣẹ́ yẹn, torí kò sí gọ́ọ̀mù láàárín dígí rẹ̀ tí ooru lè yọ́.) Mo rántí òkúta tíṣà wa lọ́jọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n mo ti ń sáré jù.

Inú páálí tó bá a wá ni mo kọ́kọ́ ń kó gbogbo rẹ̀ sí. Fóòmù funfun líle, irú èyí tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣọ̀n, ni wọ́n gbẹ́ ihò sí, kálukú ní ihò tirẹ̀. Ó dùn ún wò. Kò tó oṣù méjì tí aáyán fi rí i pé ilé ni wọ́n kọ́ fún òun. Wọ́n yé sínú ihò H20. Èkúté tẹ̀lé wọn, ó ń fi eyín họ fóòmù náà lóru, ẹ̀rún rẹ̀ ń fò kiri yàrá bí òwú igi àràbà, ó sì ń lẹ̀ mọ́ dígí débi pé bí mo bá gbọ̀n ọ́n sọnù níhìn-ín, ọ̀hún ló ń lọ lẹ̀ mọ́.

Mo wá rí ọgbọ́n kan dá. Ní Dùgbẹ̀, àwọn onífọ́tò máa ń da ike kékeré tí wọ́n fi ń di fíìmù nù, tí Kodak dúdú pẹ̀lú ìdérí eérú, tí Fuji mọ́ gaara. Áípíìsì mi wọ inú rẹ̀ wẹ́kú, bí ẹni pé àwọn oníṣẹ́ méjèèjì jọ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Onífọ́tò kan fún mi ní odidi àpò kan. Mo fi òwú kékeré sí ìdí ike kọ̀ọ̀kan, mo kọ nọ́ńbà sórí ìdérí, mo tò wọ́n sínú agolo Ovaltine. Aáyán kò lè wọlé. Èkúté kò lè wọlé. Inú mi dùn bí ẹni tó kọ́lé.

Àṣé mo ti tìlẹ̀kùn mọ́ olè nínú ilé.

Ní oṣù Kẹta 1986, ìdájí ni à ń rí Halley, ní apá ìsàlẹ̀ ojú ọ̀run níhà gúúsù ìlà-oòrùn. Èmi àti bàbá mi a máa jí ní aago mẹ́rin. NEPA máa ń mú iná lọ ní gbogbo òru, ìgbà kan ṣoṣo tí mo rántí tí a dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn nìyẹn, torí òkùnkùn Ìbàdàn nígbà náà ṣú débi pé ìràwọ̀ ń pọ̀ sí i bí o ṣe ń wò ó. Ìràwọ̀ onírù náà kò dà bí àwòrán inú ìwé. Ó dà bí òwú tí ẹnìkan ya tí ó gbàgbé láti ran. Bàbá mi wò ó pẹ́, ó ní, "Ṣé èyí náà ni?" ó sì padà lọ sùn. Èmi ò lè sùn, mo dúró títí ilẹ̀ fi ń mọ́, nígbà yẹn ìrì ti ń kán láti ara ọ̀pá, áípíìsì mi tutù wọ̀ǹ bí ìgò ọtí inú fíríìjì. Mo fi aṣọ nù wọ́n lóde, mo kó wọn sínú ike, mo dé e pa. Pátápátá ni. Atẹ́gùn kò ráyè wọlé, omi inú rẹ̀ kò sì ráyè jáde. Láti oṣù Kẹrin ni òjò ti bẹ̀rẹ̀, n kò ṣí agolo Ovaltine yẹn mọ́ àfi ìgbà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, nínú oṣù Kẹjọ.

Tíṣà kẹ́mísírì wa, obìnrin jẹ́jẹ́ kan, ló kọ́ mi bí mo ṣe lè yí ìdí H12.5 tó bu náà tú, kí n fi òwú àti sípíríìtì nù ún láti inú lọ sí etí. Okùn funfun náà lọ. Ṣùgbọ́n ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ kù, ó ti jẹ wọ ara dígí, bí ìgbín ṣe ń rìn kọjá tí ojú ọ̀nà rẹ̀ ń dán. Títí di òní, bí mo bá fi H12.5 wo òṣùpá tó kún, mo ń rí i. Ó ní, "Kì í ṣe pé o gbé e ṣubú ni ìṣòro rẹ. Ọ̀rinrin ni. Dígí tó wà ní Ìlú Ọba lè pẹ́ ọgọ́rùn-ún ọdún nínú dúrọ́ọ̀. Tiwa níbí, àfi kó o wá ibi gbígbẹ fún un."

Ibi gbígbẹ. Ní Ìbàdàn, nínú oṣù Kẹjọ.

Bàbá mi mú ìmọ̀ràn wá láti ilé oúnjẹ tó ti ń jẹun lọ́sàn-án. Ó ní, ṣé mo ti rí i pé wọ́n máa ń fi ìrẹsì díẹ̀ sínú iyọ̀ orí tábìlì kí iyọ̀ má baà di? A yan ìrẹsì nínú ìkòkò gbígbẹ títí ó fi pọ́n, mo dì í sínú àjákù ìbọ̀sẹ̀, mo jù ú sínú agolo. Ó ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ní ọ̀sẹ̀ kejì kòkòrò ti wọ̀ ọ́, kòkòrò sì ń rìn lórí áípíìsì mi bí ẹni ń lọ ọjà. Tíṣà kẹ́mísírì bá rẹ́rìn-ín, ó bu hóró kan fún mi láti inú ìgò ńlá kan ní láábù, ó dà bí iyọ̀ òkúta, aláwọ̀ búlúù. Ó ní bí mo bá rí i tó di pọ́ńkì, ó ti mu omi yó nìyẹn, kí n dà á sínú agbada lórí sítóòfù, kí n máa rò ó títí búlúù rẹ̀ á fi padà. Mo fi ọwọ́ lásán kó o fún ọdún bíi mélòó kan. Wọ́n ti wá sọ ọ́ fún wa báyìí pé oògùn tó ń fún un láwọ̀ yẹn kò dára fún ara èèyàn. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn láti máa wò ó lórí iná, bí búlúù ṣe ń bẹ̀rẹ̀ láti ìdí agbada, tí pọ́ńkì ń sá lọ sókè. Màmá mi gba agbada rẹ̀ padà lọ́wọ́ mi, ó ra òmíràn fún mi, ó fi ìṣó họ àmì ágbélébùú sí ìdí rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà fi dín dòdò.

Ó wá ku àpótí.

Káfíńtà tó súnmọ́ wa jù ní ṣọ́ọ̀bù ní ọ̀nà Òkè-Bọ́lá. Bàbá ni a ń pè é lójú rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, Bàbá Onípósí. Ó ń ṣe àga, ó ń ṣe tábìlì, ṣùgbọ́n òkú ló ń bọ́ ọ. Mo kó àwọn ike mi lọ bá a, mo ṣàlàyé. Ó gbọ́ mi jálẹ̀, obì lẹ́nu, kò sọ nǹkan kan. Mo ní mo fẹ́ kó fi arère ṣe é, torí mo ti gbọ́ pé arère fúyẹ́, kò sì wọ́n.

"Arère? Kí kòkòrò jẹ ẹ́ tán kó o tó gba ìwé mẹ́wàá? Ọmọ tíṣà, lọ jókòó."

Ó nawọ́ sókè, sí orí àjà ṣọ́ọ̀bù náà, ó fa pákó ọ̀gànwó pupa kan jáde láàárín àwọn yòókù tí eruku ti bò. Ó fi èékánná kan án, ó ní kí n gbọ́. Ó ní láti ọdún tó kọjá ló ti wà lórí àjà yẹn tó ń gbẹ, pé bí òun bá fi igi tútù ṣe àpótí fún mi, omi tó wà lára igi ni àwọn awò mi á máa mu. Ó ní igi kò tíì kú tán lọ́jọ́ tí wọ́n gé e. Ó ń wú lójò, ó ń sún kì lọ́yẹ́, ẹni tí kò bá fi àyè sílẹ̀ fún un á máa fi òòlù ṣí àpótí rẹ̀ nínú oṣù Keje. Lẹ́yìn náà ló sọ fún mi, bí ẹni tí kò ka ọ̀rọ̀ náà sí, pé pósí ọlọ́lá kan ní Ìyágànkú ni pákó náà ṣẹ́kù lára rẹ̀.

Kò ní ohun ìwọ̀n mílímítà kankan. Íǹṣì ni gbogbo ẹnu ìlu rẹ̀. Ìdí áípíìsì mi jẹ́ mílímítà 24 ààbọ̀, ẹnu ìlu tó súnmọ́ ọn jù jẹ́ íǹṣì kan, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi mílímítà kan jù ú lọ. Ó ti SR4 bọ inú ihò tó fi dán an wò lára àjákù igi, ó yí i, ó fà á jáde, ó tún tì í wọlé. "Ó ku aṣọ kan," ó ní. Ó túmọ̀ sí pé àyè tó kù tó ìnípọn aṣọ kan ṣoṣo, kó má ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ti bá àwọn ẹnjiníà ṣiṣẹ́ láti ìgbà náà, n kò tíì gbọ́ kí ẹnìkan ka mílímítà báyẹn.

"Ihò mélòó?"

"Mẹ́fà, sà."

Ó tò wọ́n sórí tábìlì: H20, H12.5, SR4, Báàlò, fítà òṣùpá. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. "Márùn-ún ni mo rí."

"Ọ̀kan ń bọ̀, sà."

Lóòótọ́ ni. Mo ti kà nípa rẹ̀ nínú ìwé kan tí Patrick Moore kọ, ọ̀gbẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ètò ìràwọ̀ lórí BBC ní 1957: áípíìsì mílímítà 9, irú èyí tí wọ́n ń pè ní orthoscopic, oní dígí mẹ́rin. Èyí tí mo ní tó ń gbé nǹkan tóbi jù, SR4, ihò tí à ń gbà wò ó kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ, kí ojú máa sunkún ni. Mílímítà 9 á fún mi ní nǹkan bí 78, ìwọ̀n tí ọ̀pá mi lè gbé láìlàágùn. Bàbá mi ti ṣèlérí pé tí mo bá wọ kíláàsì mẹ́rin pẹ̀lú èsì tó dáa, òun á fi owó ránṣẹ́ sí Bọ̀dá Lọ́ńdọ̀n kó rà á.

Bàbá Onípósí lu ihò kẹfà. Ó ṣe é bákan náà pẹ̀lú àwọn yòókù, íǹṣì kan, ó fi sáńpépà họ etí rẹ̀, ó fi ìka rẹ̀ yí inú rẹ̀ ká lẹ́ẹ̀mẹta. Náírà mẹ́jọ ló ní kí a san. Mo san mẹ́fà.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni mo gbé àpótí náà wálé. Ó gùn díẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ, wọ́n ti fi pólíṣì kùn ún, ó ń dán, ó ní ọwọ́ ìgbámú onírin méjì, ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ òsì. Màmá mi wà níwájú ilé, ó ń ṣa ẹ̀wà.

"Kí lo gbé wọlé yẹn?"

"Àpótí awò mi ni, mà."

Ó ní kí n ṣí i. Mo ṣí i. Bàbá Onípósí ti fi sátínì funfun tẹ́ inú rẹ̀, gbogbo ihò ni ó kì í sí, ó ṣẹ́ etí rẹ̀ wẹ́wẹ́ káàkiri, ó sì fi òwú sí abẹ́ èyí tó wà lábẹ́ ìdérí kó lè rọ̀ bí ìrọ̀rí. Màmá mi wo sátínì, ó wo ọwọ́ ìgbámú méjèèjì, ó wo bí ó ṣe kéré tó. Atẹ ẹ̀wà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ta ló ran ọ́ níṣẹ́ yìí? Gbé e jáde! Gbé e jáde nílé mi! Èmi tí mo sin ọmọ méjì kí wọ́n tó bí ọ!"

Bàbá mi gbé ìwé ìròyìn Tribune bojú, mo rí i tí ìwé náà ń gbọ̀n. Kò rẹ́rìn-ín síta, ó gbọ́n jù bẹ́ẹ̀. Ó dìde, ó gba àpótí náà lọ́wọ́ mi, ó sì fi ọ̀bẹ yọ gbogbo sátínì náà lójú màmá mi, ó tú ọwọ́ ìgbámú méjèèjì, ó sun aṣọ náà lẹ́yìn ilé. Àpótí náà sùn síta fún òru mẹ́ta, lábẹ́ igi ìbẹ́pẹ, kí màmá mi tó gbà kó wọlé. Mo ti wá dàgbà báyìí, mo ti lóye ohun tó rí nínú àpótí yẹn. Nígbà yẹn, ohun tó ń dùn mí ni pé áípíìsì mi ti ń mì jìgìjìgì nínú ihò wọn, torí aṣọ kan tó yẹ kó wà níbẹ̀ ti jóná. Mo gé fóòmù láti etí bẹ́ẹ̀dì mi, mo tẹ́ ẹ sí ìdí ihò àti sábẹ́ ìdérí kó lè tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀. Ó dì wọ́n mú dáadáa. Mo rò pé mo ti ta sátínì yọ.

Ní oṣù Kọkànlá, ẹ̀ẹ̀rùn ti dé, Bàbá Onípósí wá gba náírà méjì rẹ̀. Alẹ́ ni, Júpítà ga lókè. Bàbá mi ní kó dúró kó wo ohun tí àpótí rẹ̀ ń ṣọ́. Mo fi H20 sí i. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ bo ojú kan bí mo ṣe kọ́ ọ, ó dákẹ́ pẹ́ débi pé mo rò pé kò rí nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ó ní, "Kékeré mẹ́rin yẹn ńkọ́?"

Mo ní òṣùpá Júpítà ni wọ́n, pé Gàlílíò ló kọ́kọ́ rí wọn, ní oṣù Kìíní 1610.

"Wọ́n tò bí ìṣó," ó ní. "Ta ló kàn wọ́n?"

Ó padà wá ní alẹ́ ọjọ́ kejì láìjẹ́ pé a jẹ ẹ́ ní gbèsè kankan. Ó wò ó, ó gbórí sókè, ó tún wò ó. Ọ̀kan ti sá lọ sí ẹ̀yìn Júpítà, méjì ti kọjá sí òdìkejì. Ó nàró, ó gbọn eruku orókún rẹ̀ nù, ó ní ẹni tó kàn wọ́n kò mọ iṣẹ́.

Mílímítà 9 kò dé. Mo gba èsì tó dáa, bàbá mi kò sì yẹ àdéhùn. Náírà ló yẹ̀. Oṣù Kẹsàn-án ọdún náà ni ìjọba ṣí ọjà tuntun fún pàṣípààrọ̀ owó lábẹ́ ètò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní SAP. Náírà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá dọ́là dọ́gba nígbà tí Bọ̀dá Lọ́ńdọ̀n wálé ti di ju mẹ́ta lọ sí dọ́là kan kí ọdún tó parí, ti pọ́n-ùn burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, owó oṣù tíṣà sì dúró síbi tó wà. Bàbá mi ka owó tó ti yà sọ́tọ̀ níwájú mi lórí tábìlì, kí n lè rí i pé ó wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fi san owó ilé ìwé àwọn àbúrò mi. Mo fi kóríńdáǹdì kan dí ihò kẹfà kí eruku má baà wọ̀ ọ́.

Àpótí náà ṣe iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Láti 1986 títí mo fi jáde yunifásítì, kò sí èyí tó tún bu. Mo ń yan búlúù mi lóṣù méjì-méjì, mo ń jẹ́ kí áípíìsì gbẹ lórí tábìlì títí oòrùn á fi yọ kí n tó dé e. Mo wá lọ ṣe àgùnbánirọ̀, mo fi sílẹ̀ fún bí ọdún kan àbọ̀.

Ní oṣù Keje 1994 ni mo ṣí i, torí àfọ́kù ìràwọ̀ onírù Shoemaker-Levy 9, tó lé ní ogún, ń ya lu Júpítà lọ́kọ̀ọ̀kan láti ọjọ́ 16 sí ọjọ́ 22. Kò sí epo nílùú, àwọn òṣìṣẹ́ epo ti daṣẹ́ sílẹ̀, kò sí iná, òkùnkùn tó dára jù lọ láyé, òjò sì ń rọ̀ lálaalẹ́. Ní alẹ́ tí ojú ọ̀run là díẹ̀, mo sáré gbé àpótí jáde. Ìdérí rẹ̀ wú, ṣùgbọ́n ó ṣí. Bàbá Onípósí ti fi àyè sílẹ̀ fún un. Inú rẹ̀ ló bà mí lẹ́rù. Fóòmù mi ti yọ́. Ó ti di nǹkan aláwọ̀ oyin, ó ń lẹ̀ bí oje igi, apá kan rẹ̀ rún bí àkàrà àná, ó sì ti lẹ̀ mọ́ orí áípíìsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí fóòmù bẹ́ẹ̀dì ṣe máa ń rí nìyẹn tó bá ti pẹ́ nínú ọ̀rinrin ilẹ̀ wa, kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi. Sátínì kì bá tí yọ́.

Mo fi àtùpà sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo fi sípíríìtì àti òwú nu H20 títí mo fi rí dígí rẹ̀. Màmá mi jáde wá, ó dúró lé mi lórí, ó wo àpótí náà fún ìgbà díẹ̀. Ó wọlé lọ. Ó padà pẹ̀lú àran pupa rúsúrúsú kan, àjákù ìró tó wọ̀ sí ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ní, "Èyí kì í ṣe tòkú." Òun fúnra rẹ̀ ló gé e, tó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lọ́jọ́ kejì, ó yọ kóríńdáǹdì mi kó lè ṣe tẹni tí kò tíì dé. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà mo rí ojú àpá dúdú méjì lára Júpítà fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́rin, kí sánmà tó ṣú padà. Mo pè é pé kó wá wò ó. Ó ní òun ti rí ohun dúdú tó tó nínú àpótí yẹn.

Àran náà ń tú òwú wẹ́wẹ́ sójú dígí, n kò ní purọ́, bí mo bá ń mú áípíìsì jáde mo gbọ́dọ̀ fẹ́ atẹ́gùn sí i. N kò sì pààrọ̀ rẹ̀.

Ọmọ mi obìnrin ń gbé ní Leeds báyìí. Láti kékeré ló ti ń gbọ́ ìtàn ihò kẹfà, ó sì máa ń fi ìka rẹ̀ sínú rẹ̀ bó bá ń kọ́ ABD. Kérésì tó kọjá ó wálé, ó gbé páálí kékeré kan lé mi lọ́wọ́: mílímítà 9, Plössl, tuntun. Ó ti ṣe ìwádìí. Ó mọ̀ pé àwọn tòde òní kì í wọ irú ọ̀pá tèmi, ìdí wọn jẹ́ íǹṣì kan àti ìlàrin, nítorí náà ó ra ohun ìsopọ̀ kan mọ́ ọn. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn a fi wo òṣùpá, gbogbo kòtò etí òkùnkùn rẹ̀ mú ṣáká, ojú mi kò sunkún.

Nígbà tí a ṣe tán, ó ṣí àpótí, ó mú áípíìsì náà, ó gbé e lé ihò kẹfà. Ó dúró sí ẹnu rẹ̀. Ó yí i, ó tì í díẹ̀. Ihò íǹṣì kan, ìdí íǹṣì kan àti ìlàrin. Ọ̀pá ló rò, kò ro àpótí.

Ọmọ Bàbá Onípósí ló jókòó sí ṣọ́ọ̀bù náà báyìí, ó ní ẹ̀rọ oníná tó ń lu ihò. Mo gbé àpótí náà lọ bá a ní ọ̀sẹ̀ Kérésì yẹn. Ó wò ó, ó mọ ọwọ́ bàbá rẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀. Ó fi ìka rẹ̀ yí inú ihò náà ká. "Ìṣẹ́jú kan péré ni, Dádì," ó ní, ó sì na ọwọ́ sí wáyà.

Mo ní kó fi sílẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ ọmọ mi ni mo fi wé Plössl yẹn, ẹ̀gbẹ́ àpò búlúù ló sùn sí.